DAVIES TI ÌJỌ̀N: JAGUNJAGUN OJÚ OMI TÍ Ó DI ÀGBẸ̀ KÒKÓ

Ẹni tí ó bá ń rìn láti Ìkòtún lọ sí Ìgándò, tàbí láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀ lónìí, ilé ni yóò máa rí ní ọwọ́ ọ̀tún àti ní ọwọ́ òsì, ọjà ni yóò máa là kọjá, ariwo ọkọ̀ ni yóò sì máa gbọ́. Nígbà tí a ka iye ènìyàn Nàìjíríà ní ọdún 2006, àwọn tí ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,200,000. Ó ṣòro fún ọmọ tí a bí sí àárín ilé wọ̀nyí láti gbàgbọ́ pé oko àti igbó ni ilẹ̀ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, pé ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí i, àti pé ní Ìjọ̀n, ní ìhà Ayọ̀bọ̀, ni a ti dá ọ̀kan nínú àwọn oko kòkó tí ó kọ́kọ́ wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ Davies kò sì tí ì parẹ́ ní àdúgbò náà, nítorí Camp Davies ni wọ́n ń pe ibì kan níbẹ̀ títí di òní.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ ẹni tí ó dá oko náà. Kì í ṣe oko ni a bí i sí. Kí ó tó di àgbẹ̀, ó ti jẹ́ olùkọ́ni, ó ti jẹ́ jagunjagun nínú ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun, ó sì ti jẹ́ oníṣòwò ńlá ní Èkó. Ó di ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó gbin igi kòkó àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó rí i nínú ìtàn rẹ̀ bí ìbọn, òwò àti ọkọ́ ti kọjá ní ọwọ́ ọkùnrin kan náà, ẹ ó sì lè ṣe ìdájọ́ fún ara yín èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èso rẹ̀ pẹ́ jù.

ÌBÍ RẸ̀ NÍ SARÓ

Ní ọdún 1828 ni a bí Davies ní abúlé Bathurst ní ilẹ̀ Saró. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì: ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ti baba, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ti ìyá. Òǹkàwé yóò béèrè pé, kí ni ó gbé ará Ẹ̀gbá àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ dé Saró? Ogun ni. Ní àkókò náà ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́, ìlú ń dìde sí ìlú, ẹni tí a bá sì mú lójú ogun ni a ń tà sí ọwọ́ àwọn tí ń kó ẹrú ré òkun kọjá. Ní ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ó sì rán àwọn ọkọ̀ ogun, tí àwọn baba wa ń pè ní mánúwà, láti máa ṣọ́ etí òkun Áfíríkà, kí wọ́n máa lépa ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí Saró, tí wọ́n sì ń pín wọn sí àwọn abúlé yí Freetown ká. Láàárín irú àwọn ènìyàn tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a bí ọmọ náà sí.

Nítorí náà, ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sí ọkàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ọwọ́ àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyí ni àwọn òbí rẹ̀ ti gba òmìnira. Ọmọ tí ó dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní fi ojú kan náà wo mánúwà bí ọmọ ìlú tí mánúwà yóò yin àgbá lù ní ọjọ́ iwájú.

Àwọn òbí rẹ̀ fi í sí ilé ìwé. Ó lọ sí ilé ìwé gíga tí àwọn míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1845, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìṣirò, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, èdè Látìn àti èdè Gíríìkì pẹ̀lú Bíbélì. Nígbà tí ó parí, ó ṣe olùkọ́ni fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ń pè é.

IṢẸ́ OGUN LÓJÚ OMI

Davies wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Volcano, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ etí òkun nítorí òwò ẹrú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ti ń wo oòrùn àti ìràwọ̀ láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà lójú agbami, bí a ti ń ka àwòrán òkun, àti bí a ti ń pàṣẹ fún àwọn atukọ̀. Ìtẹ̀síwájú bá a, oyè rẹ̀ sì ń ga díẹ̀díẹ̀. Ní àkókò tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ agbára ni a sábà máa ń fún ọmọ Áfíríkà nínú ọkọ̀, ohun tí ènìyàn kò rí lójoojúmọ́ ni kí ọmọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú máa kọ́ iṣẹ́ aláṣẹ.

Ọdún 1851 ni iṣẹ́ náà gbé e dé ìlú tí yóò wá di ilé rẹ̀. Kòsọ́kọ́ ni ó wà lórí oyè ní Èkó nígbà náà. Ó ti lé Akíntóyè, arákùnrin baba rẹ̀, kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1845, òwò ẹrú sì ń gbilẹ̀ ní etí ọ̀sà. Akíntóyè bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá òun padà, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò fi òpin sí òwò náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà, ọkọ̀ Bloodhound sì wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ dá wọn padà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n tún dé pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n sì yin àgbá lu ìlú títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ilé jóná, Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní ìlú, Akíntóyè sì padà sórí ìtẹ́. Ogun Àgídìǹgbì ni àwọn ará Èkó ń pe ìjà náà, nítorí ìró àgbá tí ó ń dún lọ́nà tí etí kò gbọ́ rí.

Davies wà nínú ìjà náà, ó sì gbọgbẹ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ.

Ojú méjì ni ó yẹ kí a fi wo ogun yìí. Ẹni tí a ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní etí òkun, tí ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ, ìdáǹdè ni ìró àgbá náà jẹ́ fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ fún baba àti ìyá Davies nígbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ jóná ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí kò ta ẹrú rí, ìparun ni ó jẹ́ fún òun. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ ọba Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tí ó dúró sí iwájú ìlú. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdáǹdè parí sí ìgbọ̀wọ́gbà ilẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ baba ńlá rẹ̀ tí ó jẹ́ jagunjagun níláti gba ìtàn náà ní odindi, kì í ṣe ìdajì tí ó dùn ún gbọ́ nìkan.

ÒWÒ, ÌGBÉYÀWÓ ÀTI ỌLÁ

Davies fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní ọdún 1852, ó sì ń wa ọkọ̀ òwò fún àwọn oníṣòwò ní etí òkun. Ní ọdún 1856 ó fi ìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ìlú tí ó ti bá jà ni ó wá ń gbé, òwò sì ṣẹnuure fún un. Kò fi ọrọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá ilé ìwé CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, Davies ni ó fún un ní £50 láti ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859 ni ilé ìwé náà ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré, ó sì wà títí di òní. Ní ọdún 1866, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìmọ̀ kan tí a ń pè ní Academy sílẹ̀ ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀, Davies sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ọdún 1872 títí dé 1874 ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó.

Ìyàwó tí ó kọ́kọ́ fẹ́ kú láìpẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn. Èyí tí ó fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Àìná ni orúkọ tí a gbà pé àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni, láti Òkè-Ọ̀dàn, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlù ní ọdún 1848, nígbà tí ọmọ náà wà ní ìwọ̀n ọdún márùn-ún. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lọ sí Àgbómẹ̀. Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Bonetta, lọ bá ọba Gezo láti bẹ̀ ẹ́ kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ọba náà kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọbìnrin náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes gbé e lọ sí Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ papọ̀. Ọbabìnrin ni ó gba ìtọ́jú rẹ̀ rù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, Davies àti Àìná ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ St. Nicholas ní Brighton. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e wọ́n ya àwòrán ní London lọ́dọ̀ Camille Silvy, àwọn àwòrán náà sì wà nínú ilé àkójọ àwòrán ìjọba ní London títí di òní. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rí ọkùnrin kan tí ó dúró gbọọrọ nínú aṣọ dúdú, àti ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ funfun gbọ̀rọ̀. Kíyè sí i bí ìgbésí ayé àwọn méjèèjì ti so mọ́ ohun kan: ọkọ̀ ogun ni ó mú òmìnira bá àwọn òbí ọkọ, ọkọ̀ ogun ni ó sì gbé ìyàwó kúrò ní ilé ẹrú. Wọ́n padà wá sí Èkó, wọ́n bí Victoria, tí Ọbabìnrin ṣe ìyá ìsàmì fún ní ọdún 1863, wọ́n sì bí Arthur àti Stella lẹ́yìn rẹ̀.

ÌṢUBÚ

Yorùbá ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láàárín ọdún 1870 àti 1880 ni òwò Davies ṣubú. Bí òwò Èkó ti rí nígbà náà nìyí: oníṣòwò dúdú a gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Ìlú Òyìnbó láwìn, a tún fún àwọn alájàpá láwìn, a sì máa dúró de epo pupa àti èkùrọ́ láti ìgbèríko kí ó tó lè san gbèsè. Bí ogun bá dí ọ̀nà ní òkè, epo kò ní dé. Bí iye owó epo bá wálẹ̀ ní Liverpool, èrè di òfò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ètò yìí gbé mì, kò sì yọ Davies sílẹ̀. Ó wọ gbèsè tí kò lè san, òwò rẹ̀ sì dàrú.

Àìsàn tún wọ ilé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń jẹ Àìná run. Nígbà náà kò sí oògùn kan fún un, ọdún 1882 ni Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, tó rí kòkòrò tí ó ń fà á. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń ṣe ni pé kí wọ́n rán aláìsàn lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára. Àìná lọ sí erékùṣù Madeira, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880, ní ọjọ́ kejì àyájọ́ ìgbéyàwó wọn. Wọ́n sin ín sí Funchal. (Ìkìlọ̀ ìlera: lónìí ikọ́ ẹ̀gbẹ ní oògùn, ó sì ṣe é wò pátápátá. Ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Kí ó sì lo oògùn náà títí oṣù tí a dá fún un yóò fi pé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá ṣáájú.)

OKO ÌJỌ̀N

Ní àárín àwọn wàhálà wọ̀nyí, ní ọdún 1879 àti 1880, ni Davies dá oko sí Ìjọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ojú yóò tì láti di ọkọ́ mú. Òun kò jẹ́ kí ojú tì òun. Ó ti rìn ní etí òkun, ó ti rí kòkó ní erékùṣù Fernando Po, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Panyá, tí a sì ń pè ní Bioko lónìí. Láti ibẹ̀, àti láti inú ọkọ̀ Bràsíìlì kan, ni ó ti rí irúgbìn tí ó gbìn.

Igi kòkó kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Inú igbó Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá. Àwọn Pọtogí gbé e láti Bràsíìlì wá sí erékùṣù Príncipe ní ọdún 1822, láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká àwọn erékùṣù tí ó yí i ká. Ní àkókò kan náà tí Davies ń gbìn ín sí Ìjọ̀n, ní ọdún 1879, Tetteh Quarshie gbé e láti Fernando Po lọ sí ilẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí. Hóró kòkó kì í pẹ́ kú bí a bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀. A kò lè sá a gbẹ kí a sì kó o pamọ́ di ọdún mìíràn bí àgbàdo. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e ré òkun níláti gbé odindi èso rẹ̀, kí ó sì yára gbìn ín. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó mọ ọ̀nà òkun, tí ó sì mọ iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lò, ni ó yẹ iṣẹ́ náà. Ohun tí Davies kọ́ nínú ọkọ̀ ni ó wá wúlò fún un ní oko.

Kòkó kékeré kò fẹ́ oòrùn líle. Àgbẹ̀ a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín rẹ̀ kí ewé wọn lè ṣíji bò ó, kí ilé sì rí ohun jẹ nígbà tí a ń dúró dè é. Irú kòkó ti àtijọ́ níláti lo ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó so dáadáa. Láti ìgbà tí òdòdó bá yọ títí èso yóò fi pọ́n tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Bí a bá ti ṣá a, a ó la èso rẹ̀, a ó kó hóró rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sì fi ewé bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, a ó máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè gbóná kí adùn rẹ̀ sì jáde. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a títí yóò fi gbẹ ṣáṣá. Ẹni tí ó bá kánjú sá a láìbò ó, kòkó rẹ̀ yóò korò, oníṣòwò yóò sì dín owó rẹ̀ kù. Gbogbo èyí ni ẹni àádọ́ta ọdún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ tí kò sí àgbà àgbẹ̀ kan tí ó lè fi hàn án.

Ní inú oko yìí ni Davies gbé òkúta gíránáìtì kan dúró sí ní ìrántí Àìná, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó kọ ibi tí ó kú sí àti ọjọ́ tí ó kú, pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Òkú wà ní Madeira ní òdì kejì òkun, àmì ìrántí wà ní Ìjọ̀n láàárín kòkó. Ìlú Èkó ni ilé ńlá àti ẹgbẹ́ gíga wà, ṣùgbọ́n oko ni baálé náà yàn láti gbé òkúta ìyàwó rẹ̀ sí.

BÍ IRÚGBÌN NÁÀ TI TÀN

Bí ó bá jẹ́ pé Ìjọ̀n nìkan ni kòkó náà dúró sí, ìtàn náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Davies kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó kọ́ Jacob Kehinde Coker, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kéré sí i, ní iṣẹ́ kòkó. Coker dá oko ńlá ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége, ó sì di aṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Òun kan náà ni ó wà lára àwọn tí ó ṣíwájú ìjọ African Church nígbà tí ó yà kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ní ọdún 1901. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni kòkó gbà kúrò ní Agége. Èkínní, àwọn alágbàṣe wá láti òkè láti ṣiṣẹ́ ní oko wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n sì ń padà sí ilé, wọ́n gbé èso kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ dání. Èkejì, bí àwọn oníwàásù ìjọ náà ti ń lọ sí ìlú ìgbèríko, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ọ̀rọ̀ kòkó ni wọ́n ń sọ papọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tún ràn án lọ́wọ́. Ó kọjá ní Agége, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ohun tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí aláàárù sì di ohun tí ó ń gba wákàtí díẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Oǹdó fi kún fún kòkó.

Davies kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1906, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Kò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú èso iṣẹ́ rẹ̀. Kò rí i nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, tí owó kòkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbé e ró. Kò rí Ilé Kòkó tí a parí ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ adájọ́, oníṣègùn àti olùkọ́ni ilẹ̀ Yorùbá ni ó jẹ́ pé oko kòkó baba wọn ni ó rán wọn ní ilé ìwé.

Ní Agége àti agbègbè rẹ̀ fúnra rẹ̀, kòkó kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ ní ọdún 1920 àti 1921, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ńlá wọ gbèsè. Àwọn mìíràn yí padà sí obì gbànja, tí ọkọ̀ ojú irin ń kó lọ sí ilẹ̀ Haúsá, orúkọ Agége sì di orúkọ ọjà obì. Lẹ́yìn obì, ilé ni ó hù. Kì í ṣe ohun tí a ó sunkún lé lórí pé oko di ìlú, nítorí ènìyàn níláti rí ibi gbé. Ohun tí ó yẹ kí ó dun ni ni bí ilé bá bo ìtàn pẹ̀lú.

BÍ A TI LÈ TỌ IPASẸ̀ BABA ẸNI

Ẹbí púpọ̀ ni ó ní baba ńlá kan tí ó jagun kí ó tó ṣe oko. Àwọn kan lọ sí Kamẹrúùnù láàárín ọdún 1914 àti 1916, àwọn mìíràn lọ sí Bọ́mà láàárín ọdún 1943 àti 1945, lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí a ń pè ní ti 81 àti ti 82. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ wọn padà sí ìdí ọkọ́, wọn kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn irú baba bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni kí ó gbà.

Kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Kí ó béèrè oríkì, nítorí oríkì a máa mú orúkọ ìlú àti ogun tí ẹnu ti gbàgbé dání. Kí ó wo inú àpótí àti Bíbélì ẹbí: ìwé ìfẹ̀yìntì ológun, àmì ẹ̀yẹ, ìwé ìsanwó orí àti àwòrán a máa sùn síbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú nínú ìjọ a máa sọ ọjọ́ àti orúkọ òbí. Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà ní Ìbàdàn, ó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wá nǹkan nínú rẹ̀. Ní ti àwọn tí ó kú sí ogun méjèèjì ńlá ayé, Commonwealth War Graves Commission ni ó ń tọ́jú orúkọ wọn àti ibi tí a ti ń ṣe ìrántí wọn.

Kí ó má sì ṣe kọ kìkì ohun tí ó gbé baba náà ga sílẹ̀. Kí ó kọ gbèsè pẹ̀lú ọrọ̀, kí ó kọ ilé tí àgbá jó pẹ̀lú àwọn tí àgbá dá nídè. Bí a bá mú ìṣubú kúrò nínú ìtàn Davies, kò sí ẹni tí yóò mọ ìdí tí ó fi dé Ìjọ̀n.

Ìbọn tí ó gbé fún un ní ọgbẹ́. Òwò tí ó ṣe fún un ní ọlá, ó sì tún gbà á. Ṣùgbọ́n èso kòkó tí ó gbìn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, tí ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ han aládùúgbò, kò ì tíì dẹ́kun láti máa so. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá ní irúgbìn tí ó dára, ẹ fún ẹnì kejì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní òkúta ìrántí ní ilẹ̀ baba yín, ẹ ro igbó ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí a kọ sí i fún àwọn ọmọ kí òjò tó nù ún.